Mo pe 767, wọ́n sì dé: bí mo ṣe rí LASEMA ti Èkó sí

Ẹ̀gbẹ́ títì Ìkòròdú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní ìhà Kẹtu, níbi tí tírélà, dáńfó àti ọkọ̀ agbépo ti jọ ń du ọ̀nà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Fọ́tòkọ́pì àti ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi, èmi náà sì ni akọ̀wé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi máa ń dúró bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà ìjọba yẹn, ṣé ó máa ń lọ? Ṣé wọ́n tiẹ̀ máa ń wá?" Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí títí ó fi sú mi. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí n máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún béèrè.

Àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn ni LASEMA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin tó gbé wọn dúró ti wà láti 2008. Cappa, ní Òṣòdì, ni ojúkò iṣẹ́ wọn. Àwọn kọ́ ni panápaná o, àwọn kọ́ sì ni ọkọ̀ aláìsàn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n kó gbogbo wọn jọ. Panápaná, LASAMBUS tó ń gbé aláìsàn, LASTMA tó ń tú ọkọ̀ ká, ọlọ́pàá, àwọn tó ń yẹ ilé wò, NEMA, àjọ pàjáwìrì ti ìjọba àpapọ̀, àti Red Cross, LASEMA ló yẹ kó mọ ibi tí oníkálukú máa dúró sí. Nọ́ńbà tí ẹ ó fi pè wọ́n ni 767 tàbí 112. Kò gba owó lórí fóònù yín.

Ohun tí mo fojú ara mi rí ni n ó kọ́kọ́ sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọkọ̀ agbépo kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nítòsí bọ́sítọ́ọ̀pù wa. Epo bẹntiróòlù ló gbé. Òórùn rẹ̀ ti gba inú ṣọ́ọ̀bù kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ń dún ní ẹ̀yìnkùlé mi, ti Alhaja aláṣọ ń dún, ti àwọn onígẹ̀rígẹ̀rì iwájú náà ń dún. Kí n tó ti ilẹ̀kùn, mo ti rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n ń sáré lọ síbi tí epo ti ń jò. Mo tẹ 767.

Ọmọbìnrin kan ló gbé e. Lẹ́yìn "ẹ káalẹ́ mà", ìbéèrè ló kàn. Bọ́sítọ́ọ̀pù wo? Ṣé apá tó ń lọ sí Mile 12 ni àbí apá tó ń lọ sí Ọjọ́ta? Ṣé ọkọ̀ náà gbé epo àbí ó ṣófo? Ṣé epo ń jò? Ṣé iná ti sọ? Ṣé ènìyàn há sínú rẹ̀? Nígbà tí mo dáhùn tán, ó ní: "Mà, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ yín báyìí. Ẹ bá wa sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí wọ́n pa tiwọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáná, kí ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ ọkọ̀ yẹn." Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá, kò jáyà, kò sì jágbe mọ́ mi. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń gbéṣẹ́ fún un mọ̀ pé ọmọ náà mọ iṣẹ́.

Àwọn LASTMA ló kọ́kọ́ dé, wọ́n dí ọ̀nà. Panápaná dé tẹ̀lé wọn. Àwọn LASEMA náà dé, àwọn aláwọ̀lékè tí iná ọkọ̀ ń tàn lára wọn nínú òkùnkùn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti gba títì náà títí dé òkè afárá, nítorí náà apá òdìkejì ni ọkọ̀ wọn gbà wá. Ẹni tó mọ títì Ìkòròdú ní wákàtí yẹn á mọ̀ pé kíkọjá níbẹ̀ kì í ṣe eré.

Àwọn ọmọ oníkẹ́ẹ̀gì ni wọ́n kọ́kọ́ kojú. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, bọ́ sáàárín wọn, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, tí iná bá sọ, kẹ́ẹ̀gì tó wà lọ́wọ́ yín ló máa kọ́kọ́ gbà." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó tún un sọ, ó nawọ́ sí ọmọ tó kéré jù láàárín wọn, ó ní kó gbé kẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀ kó sì máa lọ sílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rín parí níbẹ̀. Ọlọ́pàá ló lé àwọn tó kù.

Panápaná da fọ́ọ̀mù funfun bo ojú títì àti gọ́tà tí epo ti ṣàn dé. Èmi rò pé wọ́n máa gbé ọkọ̀ náà dìde kíá kí ọ̀nà lè là. Àwọn awakọ̀ náà ń rò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi ariwo sọ ọ́. Mo bi ọ̀gá wọn léèrè, ó ní: "Mummy, a ò lè gbé e pẹ̀lú epo nínú. Tí irin bá ha títì, iná lè sọ. Ọkọ̀ mìíràn máa wá fa epo náà kúrò ná." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ọkọ̀ agbépo mìíràn dé, wọ́n so rọ́bà mọ́ra, wọ́n ń fa epo láti inú èyí tó ṣubú sínú èyí tó dúró. Ó lọ́ra ju ohun tí mo rò lọ. Panápaná dúró tì í pẹ̀lú páìpù omi ní gbogbo àkókò yẹn, kò sẹ́ni tó jókòó. Ìgbà tó ṣófo tán ni wọ́n wá fi ẹ̀rọ agbẹ́rù gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀ nígbà náà. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó jóná, ṣọ́ọ̀bù kankan kò bàjẹ́.

Tí ẹ bá ń wò ó pé kí ni ńlá nínú ìyẹn, ẹ rántí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà, 2018. Ọkọ̀ agbépo ṣubú níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n iná sọ, ọkọ̀ tó lé ní 50 jóná, ènìyàn mẹ́sàn-án ni ìjọba kọ́kọ́ sọ pé wọ́n kú. Epo kan náà ni, òpópónà tí kò ní àyè ni. Ohun tó ya tiwa sọ́tọ̀ ni pé àyè wà láàárín ìgbà tó ṣubú àti ìgbà tí iná ìbá sọ, wọ́n sì lo àyè náà. Fún iṣẹ́ ojú títì, mo fún LASEMA ní 5 nínú 5.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tó bá máa pè: ẹ má ṣe sọ pé "lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Bàbá Ṣẹ́gun". Bọ́sítọ́ọ̀pù, ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, mọ́ṣáláṣí, orúkọ báńkì, ohun tí àjèjì lè rí láti inú ọkọ̀ ni kí ẹ sọ. Kí ẹ sì sọ apá tí ọkọ̀ ń kọjú sí. Mo ti tẹ 767 àti 112 sórí pépà ní lẹ́tà gàdàgbà, mo ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá ṣe fọ́tòkọ́pì lọ́dọ̀ mi. Àwọn kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ọ̀gá onígẹ̀rígẹ̀rì lẹ tirẹ̀ mọ́ ara dígí, ibi tó ti ń wo irùngbọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀. Kí wọ́n sì bá mi kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń fi nọ́ńbà náà ṣeré. Nítorí pé kò gba owó, wọ́n á pè é, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gé e, nígbà tí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó wà lórí ìlà tó ń dúró.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà dára. Wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé CDA, àwọn àti panápaná. Ìwé ìléwọ́ kọ́ ni wọ́n fi gba ọjọ́ lọ́wọ́ wa. Wọ́n gbé sílíńdà gáàsì síta gbangba, wọ́n ṣáná sí ẹnu rẹ̀ kó máa jó, wọ́n ní kí ẹni tó bá láyà jáde wá pa á. Gbogbo ọkùnrin ń wojú ara wọn. Ìyá Ràfíù tó ń ta ẹ̀wà ló jáde. Wọ́n fún un ní àpò tí wọ́n ti rì sínú omi, wọ́n ní kó dì í mú níwájú ara rẹ̀, kó máa lọ pẹ̀lú ìdúró ẹsẹ̀ tó dáa, kí atẹ́gùn wà lẹ́yìn rẹ̀, kó fi bo ẹnu sílíńdà náà pátápátá, kó wá na ọwọ́ yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pa. Ó ṣe é. Iná kú. Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin, ó ní ẹ̀wà òun ṣì wà lórí iná, òun ń lọ. Mi ò mọ ohun mìíràn tí ìjọba ń ná owó lé lórí tó wúlò tó bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tó ń dáná lójoojúmọ́. Ó kàn jẹ́ pé kò tó. Irú rẹ̀ yẹ kó máa wáyé ní gbogbo ọjà àti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni omi.

Àwọn tó ń gbé létí odò lọ́dọ̀ wa mọ ohun tí mò ń sọ: Agílítí, Owódé-Ẹlẹ́dẹ̀, Ìtòwòlò, Ajégúnlẹ̀ ti ojú ọ̀nà Ìkòròdú, Agbóyì. Odò Ògùn ló ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá kó tó wọ ọ̀sà. Lókè lọ́hùn-ún, nítòsí Abẹ́òkúta, ìsédò Ọyán wà níbẹ̀ láti 1983. Tí òjò bá pọ̀ tí ìsédò náà kún, wọ́n gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ògiri rẹ̀ má baà ya. Omi tí wọ́n tú sílẹ̀ kò ní ibòmíràn tó máa gbà. Tí ọ̀sà náà bá ti kún, omi odò kò ní ríbi wọlé, ó máa padà sẹ́yìn sínú yàrá àwọn ènìyàn. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló máa ń le jù. Kì í ṣe ohun àìrò tẹ́lẹ̀, ọdọọdún ni.

Ìkìlọ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n. NiMet, àjọ tó ń wo ojú ọjọ́, máa ń sọ bí òjò ọdún ṣe máa rí kó tó bẹ̀rẹ̀, àwọn àjọ tó ń wo odò máa ń sọ tiwọn, ilé-iṣẹ́ àyíká ti Èkó á pe oníròyìn jọ, LASEMA á tún un sọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn máa ń fi parí rẹ̀: kí àwọn tó wà ní etí odò kó lọ sí ibi tó ga.

Ibo ló ga? Lọ́wọ́ ta ni wọ́n máa ti gba ilé? Ẹni tó ń gbé Agílítí kò gbébẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn ẹ̀fọn. Owó ilé ọdún kan, owó àgírímẹ́ǹtì, owó kọmíṣọ́ọ̀nù, owó ìdúró, tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní Kẹtu òkè, ó ju ohun tí alábàárù ọjà Mile 12 lè rí kójọ lọ. Ìjọba ní ibùdó tí wọ́n ń kó àwọn tí àjálù bá lé kúrò nílé lọ, ọ̀kan wà ní Àgbówà, ọ̀kan wà ní Ìgándò. Ní 2010 tí omi Ọyán lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ kúrò nílé, Àgbówà ni wọ́n kó àwọn kan nínú wọn lọ. Ẹ ṣe é o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí Àgbówà ṣe jìnnà sí Mile 12. Obìnrin tó ń ta tòmátì gbọ́dọ̀ dé ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí ọkọ̀ Òkè Ọya bá ń já ẹrù. Tó bá sùn sí Àgbówà, kò lè dé ọjà. Tí kò bá dé ọjà, kí ni àwọn ọmọ máa jẹ? Nítorí náà ó dúró sínú omi rẹ̀. Ó fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì sókè, ó fi pákó ṣe afárá láti ẹnu ọ̀nà dé títì, ó ń gbé ọmọ lé ẹ̀yìn lọ sí ilé-ìwé, tó bá sì le jù, ọkọ̀ ojú omi ló ń wọ̀ jáde ní àdúgbò ara rẹ̀.

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àwa onílé ti gba apá tiwa: a ń kó gọ́tà wa, a sì ti bá àwọn tó ń da ìdọ̀tí sínú kánà jà títí ẹnu fi ń bó wa. Ìyẹn kò lè dá Ọyán dúró. Ohun tí mo fẹ́ rí lọ́wọ́ àjọ tó ń pe ara rẹ̀ ní alábòójútó pàjáwìrì ni ibi tó sún mọ́ni. Kí wọ́n yan ilé-ìwé ìjọba díẹ̀ ní apá òkè Kẹtu àti Ìkòsì, kí wọ́n ti kó bẹ́ẹ̀dì, omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ síbẹ̀ kó tó di oṣù kẹsàn-án, kí ìkìlọ̀ náà wá máa sọ pé: "Omi ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ilé-ìwé báyìí ti ṣí sílẹ̀ fún yín." Ìkìlọ̀ tí kò dárúkọ ibi tí ènìyàn máa lọ, olùkìlọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dáàbò bò.

Lórí omi, 2 nínú 5. Mo fi 2 sílẹ̀ nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń wọ inú omi náà lọ fa àwọn arúgbó jáde.

Lábẹ́ òfin, ìjọba ìbílẹ̀ náà yẹ kó ní ìgbìmọ̀ pàjáwìrì tiwọn, àwọn tó sún mọ́ wa jù. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì kankan. Ẹnìkan láti ọ̀kan nínú wọn ní kí n kọ orúkọ àwọn tí omi ba ẹrù wọn jẹ́, kí n fi nọ́ńbà fóònù àti iye ọmọ wọn sí i. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú ínkì ara mi, mo ní kí baálé àdúgbò buwọ́ lù ú. Ìwé náà wọ inú dúrọ́ọ̀ ẹnìkan, àtìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wojú mi bí ẹni tó jẹ ìrẹsì wọn.

Ti ilé wíwó yàtọ̀ sí èyí. LASEMA ló ń gba èébú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, iṣẹ́ ti bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ilé Ìta Fáàjì tó wó ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta, 2019, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wà lókè rẹ̀, ìjọba ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ kí wọ́n wó o. Ilé alájà 21 ti Gerrard Road ní Ìkòyí tó wó ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, 2021, tó pa ènìyàn tó lé ní 40, ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ti fi èdídí tì í nígbà kan lọ́dún náà kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ LASEMA kò ní àṣẹ láti wó ilé ẹnikẹ́ni. Katakata rẹ̀ kò ní ṣe nǹkan kan títí ilé yóò fi di òkìtì. Ní Ìkòyí, ènìyàn 15 ni wọ́n yọ láàyè. Ìdílé àwọn tó dúró síta lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣàròyé pé katakata kò tètè dé, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ìpínlẹ̀ tó ń fọwọ́ sí ilé alájà 20 yẹ kó ní ẹ̀rọ tó lè gbé òkìtì alájà 20 nítòsí, láì dúró de ti kọ̀ǹtírákítọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní mo ń gbè sẹ́yìn ìjọba pẹ̀lú 5 tí mo fún wọn lókè. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ 27 oṣù kìíní, 2002, kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Bọ́ǹbù ń bú ní bárékè Ìkẹjà, gbogbo Èkó ń sáré, kò sí nọ́ńbà kan tí a lè pè, kò sẹ́ni tó sọ fún wa ibi tí a máa sá gbà. Òkè-Afá ni ọ̀pọ̀ sá gbà nínú òkùnkùn, kánà sì wà níbẹ̀. Ènìyàn tó lé ní 1,000 ló kú lọ́jọ́ náà, omi ló sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bọ́ǹbù kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Nígbà tí ọmọbìnrin 767 yẹn ń sọ fún mi pé kí n pa jẹnẹrétọ̀, èyí ni mo ń rántí.

Kò sì yẹ kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí Àbúlé-Àdó bú gbàmù ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta, 2020, ọ̀gá ilé-ìwé Bethlehem Girls College, Sister Henrietta Alokha, ló ń kó àwọn ọmọ jáde kí ọkọ̀ ìjọba kankan tó dé. Ibẹ̀ ló kú sí. Ìjọba Èkó gbé àpò ìrànwọ́ bílíọ̀nù 2 náírà kalẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n sì fi mílíọ̀nù 250 bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó wà nítòsí ló ń gba ẹ̀mí là ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé kí wọ́n gbé sílíńdà àti àpò tútù yẹn dé gbogbo àdúgbò.

Ohun kan tó kù tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí ni owó. Kò sí owó kankan láti san fún ìpè, fún ìdóòlà, tàbí fún epo ọkọ̀ wọn. Lálẹ́ ọjọ́ ọkọ̀ agbépo yẹn, Alhaja aláṣọ gbé omi tútù àti búrẹ́dì jáde fún wọn, àwọn kan gbà á, ọ̀gá wọn ní òun ń gbààwẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá dé ọ̀dọ̀ yín tó ní kí ẹ mú owó dísù wá kí òun tó pa iná, ẹ wo aṣọ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ tún tẹ 767 lẹ́ẹ̀kan sí i.